Ilé Rélùwéè Àtijọ́: Ẹ Má Jẹ́ Kó Wó Lójú Wa

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó ń gbé òkè Ọya, ẹ jẹ́ ká rántí pé rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ìhín. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní ọdún 1912, wọ́n pa rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Bárò sí Kánò.

Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Wọ́n fi orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè kan, pè é ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy, tí àwọn olùfẹ́ ilé àtijọ́ dá sílẹ̀ ní 1995, pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè láti tún un ṣe. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé, ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní 2010. Wọn kò wó o láti kọ́ tuntun. Àwòrán rélùwéè láyé àtijọ́ ló wà níbẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ wò ó.

Àwa ńkọ́? Níbikíbi tí ibùdókọ̀ àtijọ́ bá ṣì wà ní ìlú tí a ń gbé, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rélùwéè kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí àwọn ló ni ín. Kí a kó àwòrán àti tíkẹ́ẹ̀tì àwọn bàbá wa jọ. Kí a fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Òrùlé tó ń jò tí a kò tètè dí, ògiri ni yóò bá a lọ.