Ẹ̀wà Inú Kẹ́ẹ̀gì, Dóńgóyárò àti Aràn tí ń Pa Kòkòrò

Bí ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ilé ní Mushin, Yaba àti Sùúrùlérè ni í máa ń dá owó jọ láti ra ẹ̀wà ní àpò, nítorí àkàrà ìṣínu àti mọ́ínmọ́ín sààrì. Bí ẹ̀wà bá sì ti pọ̀ nílé, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kòkòrò yóò fi dé. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé bí a ṣe lè ṣẹ́gun kòkòrò láìda májèlé sínú oúnjẹ ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Kòkòrò ẹ̀wà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú àpò. Láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Abo rẹ̀ a máa yé ẹyin lẹ́yọ-lẹ́yọ mọ́ èèpo ẹ̀wà, bí àmì funfun kékeré. Nígbà tí ẹyin bá pa, ìdin a lu èèpo wọlé, inú ẹ̀wà ni yóò sì ti máa jẹun títí yóò fi di kòkòrò tó ní ìyẹ́, tí yóò dá ihò roboto jáde. Gbogbo èyí lè má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ẹ̀wà, tó da èyí tí ń rìn lókè nù, ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ni. Ọmọ wọn ṣì wà nínú ilé.

Àwọn kan nínú àwọn tó ń ta ẹ̀wà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń fi oògùn dichlorvos sí i, èyí tó wà nínú Sniper àti nínú ọ̀pọ̀ ota-pia-pia tí wọ́n ń kiri. Iṣan ìmọ̀lára ni oògùn yìí máa ń bá jà, ti kòkòrò àti ti ènìyàn bákan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa jẹ́ 0.03 títí dé 4.6. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC náà fòfin de ike dichlorvos kékeré onímílílítà 100. Yúróòpù yẹ tiwọn wò kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Ta ni ó ń yẹ tiwa wò kí ó tó dé orí iná? Fífọ̀ àti sísè lè dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó ṣẹ́kù. Ní tiwa, ẹ̀wà tí a rí ihò díẹ̀ lára rẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn ju èyí tó ń dán, tó sì ń rùn bí oògùn.

Kí ni kí a wá ṣe? Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde lórí òróró ẹ̀pà. Mílílítà 5 sí kílò ẹ̀wà kan, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, ti tó. A ó rọra pò ó títí yóò fi kan gbogbo ara ẹ̀wà. Òróró yìí kì í jẹ́ kí ẹyin ara èèpo yè, ṣùgbọ́n ìdin tó ti wọlé lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí a bá ra ẹ̀wà ni kí a ti ṣe é. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ẹ̀gì. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn, ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì ṣí i fún bí oṣù méjì. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dá dúró. Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Kamẹrúùnù.

Ní ti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, dóńgóyárò ni ká pè. Ọdún 1928 ni wọ́n mú igi yìí wá sí Borno láti Gánà, òjìji rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa sì mọ̀ ọ́n fún, yàtọ̀ sí àgbo ibà. Inú èso rẹ̀ ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù, ju ti ewé lọ. Ẹ gún ọmọ inú èso gbígbẹ gíráàmù 50, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán omi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fín in sára ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn tètè máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni kì í jẹ́ kó lè jẹ, kì í sì jẹ́ kí ìdin lè bọ́ awọ dàgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un fín. Àmọ́ ẹ má ṣe fún ọmọdé ní òróró dóńgóyárò mu. Ó ti ṣe ọmọ ìkókó léṣe rí. Pé nǹkan ti ara igi wá kò ní kó má ní ewu.

Kòkòrò tó ń gbé inú ilẹ̀ ńkọ́, bí ikán àti ìdin tí ń jẹ gbòǹgbò? Omi dóńgóyárò tí a fín sórí ewé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Aràn kan tó kéré gan-an, tí a ń pè ní nematode, ni í lé wọn bá ibẹ̀. Kò gùn tó mílímítà kan. Yóò gba ẹnu, ìdí tàbí ihò èémí kòkòrò wọlé, yóò tú bakitéríà tó gbé sínú wá sílẹ̀, kòkòrò náà yóò sì kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Inú òkú rẹ̀ ni aràn yóò ti bí ọmọ, tí ọ̀kẹ́ àìmọye yóò sì jáde lọ wá òmíràn. Kì í ṣe ènìyàn tàbí adìyẹ ní nǹkan kan. Ẹ má rò pé gbogbo nematode ni ọ̀rẹ́ o. Àwọn kan ló ń mú kí gbòǹgbò ewédú àti tòmátò wú kókó-kókó.

Ẹni tó bá rò pé àlá ni kí ohun alààyè máa pa kòkòrò, kó rántí ẹ̀gẹ́ wa. Agbọ́n kékeré kan tí IITA mú wá láti Paraguay, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ọdún 1981, ló ṣẹ́gun kòkòrò funfun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ Áfíríkà run, Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ní ti aràn yìí, wọ́n ń tà á fún àwọn olọ́gbà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní ìtòsí wa níbí, àwọn onímọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ti wa irú rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì ti dán an wò lára ikán. Bí ó bá dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ tútù ni kí ẹ bù ú sí, ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa á. Kò wúlò rárá fún ẹ̀wà inú kẹ́ẹ̀gì.