Kí Ló Ń Gbé Adìyẹ Yín? Bí A Ṣe Ń Yan Ọgbà Tó Yẹ Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé



Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ kì í yé bi wá bí a bá yà sílé wọn. Ìyá àgbà kan náà bi wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí àgbébọ̀ rẹ̀ pamọ mọ́kànlá, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tó fi ku mẹ́ta péré. Ìyá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, wáyà wo ni kí n rà?" Àwa náà ní, "Ìyá, kí ló ń gbé wọn ná, ẹ mà?" Ìyá ní àṣá ni òun fura sí. Nígbà tí a yí ẹ̀yìnkùlé náà ká, a rí ihò eku lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Ihò náà gba ọwọ́, ìyẹ́ òròmọdìyẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ìyá ti lọ ra àwọ̀n láti fi bo òkè ni, owó ti wọgbó nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé owó lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, tí òròmọdìyẹ kan ṣoṣo pòórá, tí ìyá rẹ̀ ń ké, tí ẹ ò sì rí ìyẹ́ kankan nílẹ̀, ẹ wo òkè: àwòdì tàbí àṣá ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì ń pọ̀ jù níhà ọ̀dọ̀ wa; bí òjò bá ti rọ̀ kanlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a gba apá òkè lọ. Bó bá jẹ́ òru, tí ẹ jí bá òkú adìyẹ ńlá mẹ́ta mẹ́rin nílẹ̀, tí ẹni tó pa wọ́n kò tilẹ̀ jẹ wọ́n tán, ajá ni, tàbí ẹtà, tàbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bí orí tàbí ẹsẹ̀ adìyẹ bá já, tí ara rẹ̀ sì wà nínú ilé, ẹranko kan ló na ọwọ́ gba ojú wáyà wọlé. Ejò a máa gbé ẹyin mì lódidi, kì í fi èèpo sílẹ̀. Nígbà mìíràn, a pa òròmọdìyẹ, kò ní lè gbé e mì, a wá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú itọ́ lára. Bí ẹ bá rí èèpo ẹyin tó fọ́, ẹ wo eku, ẹ sì wo àgbébọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí adìyẹ mìíràn wà tó ń jẹ ẹyin. Bí gbogbo wọn bá sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àtàkùkọ àtàgbébọ̀, tí ìyẹ́ kan ò já bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni o. Àgádágodo ni oògùn ìyẹn, kì í ṣe wáyà.

Ó kan ọ̀rọ̀ wáyà wàyí. Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Èkíní ni wáyà adìyẹ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó má jẹ́ kí adìyẹ jáde. Ajá tí ebi ń pa lè fi eyín àti ẹsẹ̀ ya á, ibi tó bá sì kan ilẹ̀ tètè ń dípẹtà. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ tó ínṣì 2, òròmọdìyẹ á kàn rìn gbà á kọjá ni. Bó bá jẹ́ ínṣì 1, ejò tẹ́ẹ́rẹ́ àti eku kékeré ṣì ń gbà á. Èkejì ni wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n fi iná jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ínṣì. Eku ò lè gbà á, ejò tó lè gbé ẹyin mì kò lè gbà á, ẹranko kò sì lè na ọwọ́ wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ ló le.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ má wulẹ̀ fi wáyà olówó iyebíye yí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ká. Òru ni ẹran apanijẹ ń rí àyè jù, torí náà ilé tí adìyẹ ń sùn ni kí ẹ ná owó sí. Ilé kékeré tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, gba adìyẹ ìbílẹ̀ 10 sí 12 láti sùn, bí ẹ bá fi igi ìwọ́lé sí i. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó ga kúrò nílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3. Pákó tàbí páánù ni kí ẹ fi ṣe ara rẹ̀, kí ẹ wá fi wáyà ìdajì ínṣì sí ojú fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ìwọ̀nba wáyà díẹ̀ ni ìyẹn máa gbà. Ẹ wo etí ilẹ̀kùn dáadáa: àlàfo tí ìka méjì bá ti wọ̀, eku kékeré wọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ilé náà fara ti ògiri tàbí ẹ̀ka igi, kí eku má baà fò bọ́ sórí rẹ̀.

Ìjàlọ ńkọ́? Kò sí ọgbà tó lè dá ìjàlọ dúró, wọ́n sì lè pa àgbébọ̀ tó ń sàba lórí ẹyin ní òru kan. Ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà bọ inú agolo, kí ẹ da ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù sínú rẹ̀. Ẹ máa wò ó bí òjò bá rọ̀.

Ọgbà ọ̀sán lè jẹ́ ti olówó pọ́ọ́kú: ọparun tí a là, ìmọ̀ ọ̀pẹ, tàbí wáyà adìyẹ lásán. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ẹ sì gé ìyẹ́ apá kan ṣoṣo lára àwọn adìyẹ tó ń fò. Ìdí ọgbà ni ẹ ó ti ṣọ́ra jù, nítorí ajá kì í fo ọgbà bí ó bá lè gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ ri ẹsẹ̀ wáyà mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ti olókùúta, ẹ tẹ́ wáyà náà sílẹ̀ gbalaja sí ìta ọgbà, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹ kó òkúta lé e. Ibi tí ajá bá ti fẹ́ gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wáyà ni yóò bá.

Ní ti òpó, ọparun dára ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ jù. Àwọn kan ń fi iná sun ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó rì í. Ó ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò ní kí ikán má jẹ ẹ́. Òpó tí ikán kì í ṣe nǹkan fún ni èyí tó yè. Ẹ gé igi ìyeyè nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ rì í, yóò hù. Pèrègún náà dára, ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín rẹ̀, kò lè dá ṣe é láìsí wáyà tàbí ìmọ̀ ọ̀pẹ. Àwọn mìíràn ń gbin lápálàpá. Ẹ rántí pé májèlé ni èso rẹ̀, ẹ má gbìn ín síbi tí ọmọdé ń ṣeré.

Kí ẹ tó gbẹ́ ihò òpó, ẹ ṣírò. Ọgbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gba wáyà ẹsẹ̀ bàtà 80, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ 400. Bí ẹ bá fi wáyà 80 kan náà ṣe ọgbà tó gùn ní 30, tó fẹ̀ ní 10, àyè 300 lẹ ó rí. Owó kan náà lẹ ná o.

Fún àwòdì, agọ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò ṣì ni ó dára jù. Ẹ dé ìyá àtọmọ mọ́ abẹ́ agọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ àti omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ má fi agọ̀ sínú oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀ lè ra àwọ̀n apẹja tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn ará etí omi, bí ará Ẹ̀pẹ́, kó fi bo igun kan nínú ọgbà. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ ibi tí òròmọdìyẹ lè sá sí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn kòkòrò sínú ẹyin tàbí ẹran de ẹtà. Ajá aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọmọdé sì lè mú un.

Ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ra ju ọ̀pá wáyà mẹ́rin lọ. Fèrèsé ilé adìyẹ àti ihò abẹ́ ilẹ̀kùn ló lò ó fún. Wọ́n kó igi ìdáná kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dí ihò náà pa. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgbébọ̀ náà tún ti ń sàba.