Ayàwòrán oní-drone: ọwọ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì tí iná sì jó ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹrin ọdún 1906, ayàwòrán kan láti Chicago, George Lawrence, fi ọ̀pọ̀ káìtì gbé kamẹ́rà tó wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 22 lọ sókè. Láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,000 ló ti ya ìlú tó di ahoro náà sínú àwòrán gbọọrọ kan ṣoṣo. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní panorama. Lónìí, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ DJI ní Ṣáínà gbé drone tí wọ́n pè ní Phantom jáde lọ́dún 2013; nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti ṣe èyí tí kò tó gíráàmù 250.

Nílẹ̀ wa, wọ́n ń pe àwọn oní-drone síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà, àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti àwọn onífíìmù náà ń wá wọn. Ṣùgbọ́n ìdí panorama la ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ra ẹ̀rọ.

Drone kì í ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti Lawrence. Ó máa ń dúró sójú kan lófurufú, á máa yí díẹ̀díẹ̀, á máa ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá so wọ́n pọ̀ bí a ṣe ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra títí á fi di ìró. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tún ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fi kamẹ́rà sílẹ̀ kó máa yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, fọ́tò tó kọjú sí oòrùn á ṣókùnkùn, èyí tó kẹ̀yìn sí i á mọ́lẹ̀ jù, ojú ọ̀run á wá rí ìlà-ìlà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pa sójú kan, láti fọ́tò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó tún máa ń jìnnà sí ẹ̀ka igi àti òpó: ohun tó bá sún mọ́ kamẹ́rà máa ń ṣípò bí drone ṣe ń yí, kì í sì í so pọ̀ dáadáa.

Ìbàdàn ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Láti òkè Mápó, òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu títí ojú kò fi ká a mọ́, gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 sì dúró gbagidi láàárín wọn. Ẹ má lọ lásìkò ọyẹ́, nítorí eruku á bo ọ̀nà jíjìn. Òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ kò ṣe é fojú kéré. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ fi drone ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ní Ìkẹjà, bí àpẹẹrẹ, ilé àwọn èèyàn ló yí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ká. Drone kékeré kan lójú ọ̀nà bàálù lè gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ̀yin tó ń pe ayàwòrán sóde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san àsansílẹ̀.