Rádíò tó ka lẹ́tà tí ojú kò rí: orúkọ oṣù nínú ẹ̀rọ Antikythera

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀rọ Antikythera, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lásán ni. Ìgbà tí mo rí i pé orúkọ oṣù wà nínú rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó kan àwa oní-ẹ̀dá-èdè.

Ní 1901, inú ọkọ̀ ojú omi tó rì lẹ́bàá erékùṣù Antikythera ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti kó o jáde. Idẹ ni, ó lé ní 2000 ọdún, ó ti dípẹtà, ó sì ti fọ́ sí ègé 82. Wọ́n kọ nǹkan sí i lára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ìpẹtà, tàbí láàárín àwo idẹ tó ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ní kí òun ha á kí òun lè kà á, yóò bà á jẹ́.

Ní nǹkan bí 1971, Derek de Solla Price àti Charalampos Karakalos ya rádíò rẹ̀, irú èyí tí à ń yà nílé ìwòsàn bí eegun bá dá. Ìtànṣán rádíò ń la nǹkan kọjá, ṣùgbọ́n ohun tó bá ki máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Price rí kẹ̀kẹ́ eléyín lóríṣiríṣi. Àmọ́ gbogbo wọn gun ara wọn lórí nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Skánà ló tú ìdè yẹn ní 2005. Nítorí pé ègé wọ̀nyí kò ṣeé gbé kiri, ẹ̀rọ tó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 8 ni wọ́n gbé wá bá a ní mùsíọ́ọ̀mù Áténì. Wọ́n ń yí ègé náà díẹ̀díẹ̀ níwájú ìtànṣán, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò wọn pọ̀ di ìpele tín-ín-rín, bí ẹni gé búrẹ́dì láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sí kò ki bí ohun tó yí i ká; ìdí nìyẹn tó fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kò ga tó mílímítà 2.

Orúkọ oṣù tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 ló mú mi jókòó: Phoinikaios, Kraneios, Lanotropios àti àwọn yòókù. Ará Áténì kì í pe oṣù bẹ́ẹ̀. Kọ́ríńtì àti àwọn ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ dó ló ń lò wọ́n. (Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ náà ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ara wọn mọ̀ lọ́jà, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìlú.) Àwọn kan ní Syracuse ni ẹ̀rọ náà ti wá, àwọn mìíràn ní Epirus, nítorí pé orúkọ eré Naa ti Dodona wà lára rẹ̀. Ti Epirus yìí ló wọ̀ mí létí jù, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: orúkọ oṣù lè sọ ìlú ẹni tí wọ́n ṣe é fún, kó má sọ ìlú alágbẹ̀dẹ. Orúkọ eré kan tí wọn kò rí kà ní 2008, wọ́n padà kà á lẹ́yìn náà sí Halieia, eré àwọn ará Rhodes. Ìyẹn tún gbé àríyànjiyàn náà lọ sí ìhà mìíràn.