Sàpárà Williams, Agbẹjọ́rò àti Aṣòfin

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní Aláúsá, ní Ìkẹjà, ni àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń jókòó. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Agége. Àwọn kan nínú yín máa ń bi wá pé: "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé lọ́yà ni gbogbo wọn?"

Rárá o. Iṣẹ́ méjì ni. Agbẹjọ́rò, tí à ń pè ní lọ́yà, ni ó ń bá ni ro ẹjọ́ ní kóòtù. Òfin tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó fi ń rò ó. Aṣòfin ni ó ń ṣe òfin tuntun, òun náà ni ó sì ń yí ti àtijọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè ṣe méjèèjì. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹnì kan tí ó ṣe é.

Christopher Sàpárà Williams ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní 1855. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1879. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ní 1888, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ó mọ òfin òyìnbó, ó sì tún mọ àṣà ìbílẹ̀ wa tí a kò kọ sínú ìwé.

Ní 1901, Gómìnà fi í sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Èkó. Nígbà náà, ará ìlú kò dìbò. Gómìnà ni ó ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ ni yóò ṣẹ.

Ní 1903, ìjọba gbé òfin kan wá nípa ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú onídùúró lórí £250. Owó ńlá ni nígbà náà! Mélòó ni yóò rí onídùúró bẹ́ẹ̀? Bí ìwé ìròyìn bá sì kú, ta ni yóò sọ ohun tí ń dun ará ìlú? Sàpárà Williams dìde, ó ní òun kò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, òfin náà kọjá.

Ní 1909, òmíràn tún dé. Èyí lè fi ìyà jẹ ẹni tí ìjọba bá ní ọ̀rọ̀ tàbí ìwé rẹ̀ ń ru ará ìlú sókè sí ìjọba. Ó tún dìde, ó tún kọ̀. Èyí náà kọjá.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Àwọn àgbà ní àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú. Ó sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè wí pé gbogbo ìgbìmọ̀ ni ó fọwọ́ sí i.

Ó kú ní 1915, nígbà tí ó ṣì wà nínú ìgbìmọ̀. Ní 1923 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin. Lónìí, ìbò wa ni ó ń gbé àwọn 40 tí ó wà ní Aláúsá débẹ̀.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Bí òfin tuntun kan bá ń bọ̀, ìbáà ṣe ti ilẹ̀, ti ọjà tàbí ti owó orí, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ni. Ẹ kà á. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ bá aṣòfin àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ ọ́.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín agbẹjọ́rò àti aṣòfin?
2. Ta ni ó ń yan aṣòfin ní 1901? Ta ni ó ń yàn án lónìí?
3. Ta ni aṣòfin àdúgbò yín?