Ooru Jídà àti Ooru Adó-Èkìtì: Báwo ni Ilé Ṣe Lè Gbani?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí wọ́n ti Háàjì dé máa ń gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á ní: "Wọ́n sọ fún wa pé Mọ́kà gbóná ju Jídà lọ, òótọ́ sì ni. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Jídà ni aṣọ ti ń lẹ̀ mọ́ wa lára, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí a kò sì rí oorun sùn lóru?" Ìbéèrè yìí dára púpọ̀. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ bí a ti ń múra ìrìnàjò náà, yóò sì tún mọ ìdí tí yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí ní Adó-Èkìtì fi ń gbóná bí ààrò búrẹ́dì nínú oṣù Máàṣì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara wa. Gbogbo wa la mọ amù. Nígbà ọyẹ́, omi inú amù a máa tutù bí ẹni pé a ju yìnyín sí i. Nígbà òjò, amù kan náà, ibì kan náà, omi rẹ̀ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe amù ló yí padà, afẹ́fẹ́ ni. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí omi náà sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru inú amù dání. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, nítorí náà kíákíá ni ó ń gbé omi. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó, kò ní àyè fún òmíràn mọ́. Aṣọ tí a sá sórí okùn ń jẹ́rìí sí èyí: nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ tí yóò fi gbẹ, nínú oṣù Júláì ó lè di ọjọ́ kejì.

Bí amù ti rí ni ara ènìyàn rí. Òógùn ni omi tiwa. Òógùn tó gbẹ kúrò lára ni ó ń tu ara lára. Èyí tó ń kán tótótó sílẹ̀ kò tu ara lára rárá, omi ara ni ó kàn ń fi ṣòfò.

Wàyí o, Jídà jẹ́ ìlú etí òkun nínú aṣálẹ̀. Ẹlòmíràn á rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ aṣálẹ̀, kò lè sí ọ̀rinrin níbẹ̀. Lóòótọ́, òjò ọdún kan gbáko ní Jídà kò ju nǹkan bí 50 sí 60 mílímítà lọ, nígbà tí tiwa ní Adó ju 1,200 lọ. (Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òjò Jídà bá ṣẹ́ ìkanra, kì í ṣeré: ní ọjọ́ 25 oṣù Nofẹ́ńbà 2009, nígbà tí àwọn aláàjì ń lọ sí Mínà, àgbàrá gbé ènìyàn tó ju 100 lọ níbẹ̀.) Òkun Pupa ni ọ̀rinrin náà ti ń wá. Omi òkun yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ojú rẹ̀ máa ń lé ní 30 dígírì. Oòrùn ń fa omi náà sókè, atẹ́gùn ń gbé e wá sórí ilẹ̀, kò sì di òjò. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń wà, tí gbogbo ìlú ń mí i símú. Mọ́kà ní tirẹ̀ jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 70 kìlómítà, àárín àwọn òkè ni ó wà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wà lábẹ́ ibòji ní Mọ́kà nínú 43 dígírì, tó sì ń mu omi, fi lè rí ara rẹ̀ gbé, tí 38 ti Jídà yóò sì máa fún un lọ́rùn. Lóru pẹ̀lú, ilẹ̀ gbígbẹ a máa tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin etí òkun a máa bo ìlú mọ́lẹ̀ bí kúbùsù, kò ní jẹ́ kí ooru ọ̀sán lọ.

Ìlú kan wà ní etí òkun kejì ní Sáúdí Arébíà, Dhahran ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Júláì 2003, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná dé 42 dígírì, ó sì kún fún omi débi pé ohunkóhun tí kò bá gbóná tó 35 dígírì ni ìrì yóò sẹ̀ sí lára. Awọ ara ènìyàn kì í sábà ju nǹkan bí 35 yẹn lọ. Ẹ wá rò ó: níbo ni òógùn yóò gbẹ sí? Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó le bí irin tó sì jókòó sí ibòji kò ní lè tu ara rẹ̀ lára, àfi kí ó wọ inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Nígbà Háàjì ọdún 2024, ìwọ̀n ooru ní Mọ́kà dé 51.8 dígírì ní ọjọ́ 17 oṣù Júùnù. Ìjọba Sáúdí kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 83 ni kò gba ìwé àṣẹ Háàjì: wọ́n rìn ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn, wọn kò ní àgọ́, wọn kò ní ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Ní Mọ́kà tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ibòji àti omi ì bá gba púpọ̀ nínú wọn là. A fẹ́ kí àwọn tó ń sọ fún àwọn ìyá wa pé ọ̀nà ẹ̀yìn wà tó dínwó rántí èyí.

Kí ni àwọn ará Jídà àtijọ́ ṣe kí iná mànàmáná tó dé? Ìlú náà ti pẹ́. Ní ọdún 26 Híjírà, èyíinì ni 647, ni Kálífà Uthman ọmọ Affan sọ ọ́ di èbúté Mọ́kà, láti ìgbà náà ni àwọn aláàjì sì ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn, inú òkun ni wọ́n ti gé e, òkúta iyùn ni. Ó fúyẹ́, ó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, kò sì lágbára púpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń tẹ́ igi gbọọrọ sáàárín ògiri ní ìpele ìpele kí ó lè dúró. Wọ́n kọ́ ilé náà ga, alájà mẹ́ta, mẹ́rin, nítorí pé òkè ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Àdúgbò wọn há, ilé kan ń ṣíji bo èkejì.

Ṣùgbọ́n fèrèsé wọn gan-an ni ọgbọ́n wà. Wọ́n ń pè é ní róṣáànì, bí ó bá pọ̀ a di rawáṣíìn. Igi ni, wọ́n yọ ọ́ síta lára ògiri bí àpótí ńlá, wọ́n sì gbẹ́ ojú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ kí oòrùn má lè wọlé ṣùgbọ́n kí atẹ́gùn lè kọjá. Ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń wá, ni wọ́n máa ń kọjú ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀, kí ó rí ìta, kí ará ìta má rí i. Wọ́n a máa gbé ìkòkò omi amọ̀ síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè tu omi náà, amù tiwa yẹn náà ni. Ní Íjíbítì, maṣirabíyà ni orúkọ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ti kọ́ sarfu yóò rí ṣaríbà, èyí tó túmọ̀ sí "ó mu", nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ní orí ìkòkò omi yẹn ni orúkọ náà ti jáde. Ní orí òrùlé, wọ́n a kọ́ yàrá onígi fúyẹ́fúyẹ́ kan fún oorun alẹ́, mabíìtì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú sísùn tí aláàjì ń sùn ní Mùsìdálífà.

Ìwà wọn náà bá ilé wọn mu. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wọ́n a sùn díẹ̀, ìyẹn káílúlà. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, náà ti gbà wá níyànjú pé bí ooru bá le, kí a fi ìrun Ayílà falẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀sán rọ̀. Kí a má ṣe àsọdùn o: ilé Jídà àtijọ́ kò sọ ooru di òtútù. Olówó ibẹ̀ a máa sá lọ sí Tọ́ífù lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé náà kàn rí i dájú pé atẹ́gùn kankan kò ṣòfò ni.

Ní 1947 wọ́n wó odi ìlú Jídà, ìlú fẹ̀, owó epo dé, ẹ̀rọ amúlétutù dé. Àwọn ìdílé ńlá kó lọ sí ilé tuntun, rawáṣíìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ní 2014 ni UNESCO kọ Jídà àtijọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ilé méjèèjì ni pé bí iná bá lọ nínú ilé tuntun, a kò lè gbé inú rẹ̀. Ní Sáúdí iná kì í sábà lọ. Ní Adó ńkọ́?

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ara wa. Adó wà lórí ilẹ̀ gíga, a kì í rí 40 dígírì. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Máàṣì sí Épírì, oòrùn ṣì ń mú, ọ̀rinrin láti òkun gúúsù sì ti dé kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ìgbà náà ni Adó máa ń fara jọ Jídà díẹ̀, ìgbà náà sì ni ilé wa ń tàn wá jẹ. Ilé alámọ̀ àwọn baba wa nípọn, koríko tàbí ewé ni wọ́n fi bò ó, ooru kì í tètè wọlé. Ẹ̀rù iná àti òjò ló jẹ́ kí a gba pánù, a kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n pánù láìsí àjà, iná àtorí ni. Ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín, fèrèsé ẹyọ kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan ní. Atẹ́gùn kò lè wọlé sí ibi tí kò ti lè jáde. A tún wá fi fèrèsé gíláàsì tí à ń fà sí ẹ̀gbẹ́ rọ́pò èyí tó ń ṣí gbayawu, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí. Ó wuyì lójú, a gbà, ṣùgbọ́n owó ńlá ni a fi dí ojú atẹ́gùn.

Àwọ̀ òrùlé pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Àwọn tí wọ́n ti sọ̀ sí ibùdó aláàjì ní pápákọ̀ òfurufú Jídà yóò rántí àwọn àgọ́ funfun ńláńlá orí wọn. Àgọ́ 210 ni wọ́n, 1981 ni wọ́n ṣí ibẹ̀. Mùsùlùmí kan tí wọ́n bí ní Dhaka, Fazlur Rahman Khan, wà lára àwọn tó ṣe ètò rẹ̀. Ní Jídà náà ni ó sì kú sí ní 1982. Aṣọ funfun náà ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán oòrùn padà sókè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wá wo pánù aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ pupa tó gbòde ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìyìn. Òkùnkùn àwọ̀ ń gba ooru mọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kí ó sọ fún bíríkìlà kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má rí ògiri púpọ̀ bá. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ní ìhà méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ihò wà lókè ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn. Kí àjà wà, kí a sì fi ihò sí orí ògiri lábẹ́ pánù kí ooru òkè àjà lè jáde. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò ṣeé fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a máa fọ̀ ọ́, eruku a máa dí i.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí lè gbin igi. Ní Jídà àtijọ́, ilé Nasseef, tí wọ́n kọ́ parí ní 1881, tí Ọba Abdulaziz sì dé sí ní 1925, ni àwọn ará ìlú ń fi igi rẹ̀ júwe, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún igi kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìlú. Dóńgóyárò ni igi náà. Dóńgóyárò náà ni wọ́n gbìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí pápá Áráfà kí aláàjì lè rí ibòji. Ó ń hù ní Adó láìsí wàhálà: ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé ni kí a gbìn ín sí, kí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ní nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí a fi ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́.