Búùtù Sienna tó ń já lé èèyàn lórí: Ohun tó yẹ kí ará Yewa mọ̀

Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí búùtù ọkọ̀ Sienna bá ṣàdédé já lé èrò tó ń gbé àpò gààrí lórí ní gáréèjì Ìlaròó tàbí Ayétòrò, ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àmúwá ọjọ́ náà ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ awakọ̀ ló yọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àmúwá, ara ọkọ̀ ló ti wá.

Ọkọ̀ ẹbí ni wọ́n fi Toyota Sienna àti Honda Odyssey ṣe ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ti di ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kùtọnu ni púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ ń gbà wọlé láti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti January 1, 2017. Àwọn tó ti wọlé ṣáájú ìgbà náà ṣì wà lójú pópó.

Ọ̀pá méjì tí wọ́n rọ gáàsì sí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣọ́ọ̀kì búùtù, ló ń gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà dúró lókè. Níbi tí búùtù bá ti ń ṣí fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò kékeré kan ń ran àwọn ọ̀pá náà lọ́wọ́. Bí gáàsì bá ti ń jò, agbára á tán lára wọn, ilẹ̀kùn tó wúwo náà á sì já wálẹ̀ láìkìlọ̀.

Àwọn tó ṣe àwọn ọkọ̀ yìí mọ̀ nípa rẹ̀. Toyota pe Sienna ọdún 2004 sí 2006 tó ní búùtù oníbọ́tìnnì padà nítorí ọ̀pá yìí. Honda náà pe Odyssey ọdún 2008 àti 2009 padà. Ní August 2015, General Motors pe jíìpù ẹbí tó lé ní 600,000 padà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣe àwọn èèyàn léṣe. Ìdọ̀tí tó wọ inú ọ̀pá ni wọ́n ní ó ń ba rọ́bà tó dí gáàsì mọ́nú jẹ́. Ẹni tó bá mọ eruku pupa ọ̀nà oko Yewa yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni lẹ́tà ìpè-padà ń lọ bá. Ẹni tó ra tòkúnbọ̀ ní Ọjà-Ọ̀dàn kò ní rí i. Àmọ́ nọ́ńbà oníwóròkò 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ òsì, kò yí padà. Kí ọmọ tó mọ fóònù lò bá yín fi nọ́ńbà náà wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, NHTSA.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Bí búùtù bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, bí kò bá gòkè dé ibi tó yẹ, tàbí tí ọ̀yà bá ń tutù lára ọ̀pá, ewu ti dé. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá méjèèjì pọ̀, kí ó sì jẹ́ irú tó bá ọkọ̀ náà mu, nítorí ti búùtù oníbọ́tìnnì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti búùtù ọlọ́wọ́.

Igi tí àwọn awakọ̀ fi ń ti búùtù kì í ṣe àtúnṣe. Atẹ́gùn tàbí ìgbọ̀nwọ́ èrò kan lè gbá a yọ. Bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn lónìí, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, kí èrò má sì bẹ orí wọ abẹ́ rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà lára búùtù tí wọ́n fi okùn so ní ṣíṣí nítorí ẹrù. Èéfín ẹ́ńjìnnì lè gba ibẹ̀ wọlé bá èrò, ó sì lè pa èèyàn láìrùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ń wọ Sienna lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó, ẹ béèrè nípa búùtù kí wọ́n tó gbé ẹrù yín sí i.